Tí Iná Ẹ́ńjìnnì Bá Tàn Nínú Ọkọ̀ Yín
Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ alátòmátì bá wa sọ ní ìpàdé



Ọ̀rọ̀ mọ́tò tá a fi ń kó ọjà ni mo fẹ́ sọ. Ẹ lè ní kí ló kan alátòmátì nínú ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Owó wa ló kàn án!

Ẹ mọ̀ pé mo ní bọ́ọ̀sì kékeré kan, tòkunbọ̀, tó ń bá mi kó tòmátì láti Ṣáṣá ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ kan, iná kan tó dà bí àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú dírẹ́bà, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n. Rewáyà tú orí bátìrì, ó tún un dè, iná kú. Inú mi dùn. Ní ọjọ́ kẹta, iná tún tàn, ó wá ń ṣẹ́jú. Dírẹ́bà ò dúró. Ọkọ̀ kú sójú ọ̀nà, agbọ̀n tòmátì mẹ́wàá sì jẹrà mọ́ mi lọ́wọ́.

Makáníìkì kan ní kí n ra púlọ́ọ̀gì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo rà á, pàbó ló já sí. Òmíì ní kí n kúkú pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì! Ọmọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ka kóòdù ló gbà mí. Ó ki ẹ̀rọ náà bọ ihò kan lábẹ́ sítíárì, P0301 ló jáde. Ó ní, "Màmá, kóòdù yìí ń sọ pé iná ò mú epo dáadáa nínú sìlíńdà kìíní. Kò tíì sọ ohun tó fà á o."

Ó yọ kọ́ìlì sìlíńdà kìíní, ó fi pààrọ̀ ti ìkejì. Ó pa kóòdù rẹ́, wọ́n wa ọkọ̀ yí ká díẹ̀. Nígbà tó tún kà á, P0302 ló jáde. Àìsàn ti bá kọ́ìlì lọ! Kọ́ìlì kan ṣoṣo la rà, ọkọ̀ sì ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Ẹ̀yin ìyá mi, kóòdù dà bí orí fífọ́: ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ ebi, ó lè jẹ́ àìsùn. Bíi P0171, ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ó lè jẹ́ rọ́bà afẹ́fẹ́ ló ya, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo ni ò lágbára mọ́. Owó méjèèjì ò dọ́gba rárá.

Láti ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní irú ètò kóòdù yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa fi ní i. Nítorí náà:

1. Tí iná náà bá tàn tí kò ṣẹ́jú, tí ọkọ̀ sì ń lọ dáadáa, ẹ rọra délé, kí ẹ tètè lọ kà á. Tó bá ń ṣẹ́jú, kí dírẹ́bà dẹ eré, kó wá ibi tó dáa páàkì, torí epo tí kò jóná á lọ ba katalíìsì jẹ́ nínú sàlẹ́ńsà.

2. Tí iná ọ́ìlì bá tàn, tàbí tí ọkọ̀ bá gbóná jù, kó páàkì, kó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

3. Kí wọ́n tó tú bátìrì, ẹ ní kí wọ́n kọ kóòdù sínú ìwé fún yín. Ẹni tó kàn pa iná, ẹlẹ́rìí ló pa.

4. Kí ẹ tó ra páàtì, ẹ bi makáníìkì pé, "Kí lo fi mọ̀ pé òun ló bàjẹ́?"

A kì í ra àpò ata láì tú u wò. Ẹ má ra páàtì bẹ́ẹ̀ o. Ọjà á tà, ẹ ò ní rí ìjàm̀bá ọ̀nà.