Àwọn Tí Ogun Kírìjì Kó Lọ



Nígbà tí apá Ìbàdàn tẹ ilẹ̀ Èkìtì, tí wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú dé ìlú, kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà, nítorí iṣu ẹni, ewúrẹ́ ẹni, ọmọ ẹni àti aya ẹni pàápàá kò ní olúwa mọ́ bí ojú ajẹ́lẹ̀ bá ti tó o. Èyí ló bí Fábùnmi, jagunjagun Òkè-Ìmẹ̀sí, nínú ní 1878, tí ó fi pa ajẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti parapọ̀, tí Ògèdèǹgbé Agbógungbórò sì wá di aṣíwájú wọn, tí wọ́n sì bá Ìbàdàn wà lójú Ogun Kírìjì lẹ́bàá Ìmẹ̀sí-Ilé àti Igbájọ títí wọ́n fi tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, bẹ́ẹ̀ ni àgọ́ kò tú títí di 1893.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará ẹ̀yìn odi, nítorí baba ẹgbẹ́ àwa ọmọ Ìlawẹ̀ ní Èkìtì tí a jókòó sínú rẹ̀ lónìí ni wọ́n. Àwọn tí a ti tà lẹ́rú, tí wọ́n wá gba ara wọn, irú Philip José Meffre, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó ti Bràsíìlì dé Èkó, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n dáwó, tí wọ́n ra ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí kì, tí wọ́n sì gbé e gba ọ̀nà Oǹdó dé ojú ogun.

Ṣùgbọ́n bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Àwọn ológun tiwa náà kó ẹrú ní Àkókó àti ní ilẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi ènìyàn ra ẹ̀tù. Títí di òní, bí ẹjọ́ oyè tàbí ti ilẹ̀ bá le nílé, ẹnìkan á rọra ní kí a béèrè ibi tí ìyá baba ẹnìkejì ti wá, bóyá ẹrú tí a kó lógun ni, gbogbo ilé á sì dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ń dùn mí.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹgbẹ́ yìí dáwó, kí ó rán àwọn ọ̀dọ́ lọ bá àwọn ìyá arúgbó ní Ìlawẹ̀, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀, pàápàá oríkì àwọn ìyàwó tí a ti ojú ogun mú wá, kí a sì kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan náà pẹ̀lú ti Fábùnmi.