Ta Ló Ń Ṣọ́ Owó Ìfẹ̀yìntì Yín?

Ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti fẹ́ pa á báyìí, ó ní òun ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ẹ dúró ná.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́, kí ọ̀gá rẹ̀ sì fi ìdá 10 kún un. Àkáǹtì tó ń lọ ni RSA, orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ń fi owó yẹn dókòwò ni PFA, àmọ́ ọ̀dọ̀ wọn kọ́ ni owó náà wà. Iléeṣẹ́ míì, PFC, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣírò kọ́ ló di kọ́kọ́rọ́ mú, mo sì fẹ́ràn ìyẹn gan-an.

Ewu ńkọ́? Láti oṣù keje 2018 ni PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ètò yìí, ti ní kí wọ́n máa fi ọjọ́ orí pín owó sí àpò. Ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún wà ní Fund II, ẹni tó ti pé e wà ní Fund III, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Fund IV. Fund I jẹ́ ti ọ̀dọ́ tó bá fúnra rẹ̀ béèrè fún un. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, Fund I lè kó tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún sí ibi tí èrè kì í dúró sójú kan, bíi ṣíà. Fund II lè kó 55, Fund III 20, Fund IV 10. Bí ọjà ṣíà bá ṣubú lónìí, ẹni ọdún 25 ṣì lè dúró kó dìde. Bàbá tó máa fẹ̀yìn tì lọ́dún tó ń bọ̀ ò ní àsìkò yẹn.

Ẹnìkan á ní, kí ló dé tí wọn ò kó gbogbo ẹ̀ síbi tí kò léwu rárá? Ọ̀wọ́n gógó ni. Ní oṣù kejìlá 2024, iye tí NBS gbé jáde jẹ́ ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà tí ẹ rà ní ₦100,000 lọ́dún tó ṣáájú ti ń sún mọ́ ₦135,000. Owó abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ń pàdánù, kò kàn pariwo ni.

Ní Ìlá-Ọ̀ràngún àti káàkiri Ìgbómìnà, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í gba owó oṣù: àgbẹ̀, télọ̀, ọlọ́kadà, ìyá ọlọ́jà. Alájọ ni agbaninímọ̀ràn owó tiwọn. Ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnákúnàá, ó sì ń mú owó ọjọ́ kan lóṣù, àmọ́ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ọ̀wọ́n gógó. Torí irú wọn ni PenCom ṣe dá Micro Pension sílẹ̀ ní 2019. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìdá 40 ṣe é gbà nígbà ìṣòro, ìdá 60 sì di ọjọ́ ogbó.

PFA kì í ṣèlérí iye èrè o. Àwọn tó ń ṣèlérí ni MMM, tó ti àkáǹtì àwọn èèyàn pa ní oṣù kejìlá 2016, àti CBEX ní oṣù kẹrin 2025.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kò tiẹ̀ sí nínú ọjà. Owó tí ọ̀gá yọ tí kò fi ránṣẹ́ ni. Ní Ọ̀ṣun tiwa níbí, àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì abẹ́ ètò yìí ti fẹ̀hónú hàn léraléra nítorí owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ jẹ wọ́n. Kò sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó lè fi owó tí kò dé ọwọ́ rẹ̀ dókòwò. Òfin ní kí ọ̀gá tó bá dá owó dúró san ìtanràn tí kò dín ní ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó jẹ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n ẹni tí kò yẹ àkáǹtì rẹ̀ wò ò lè mọ̀ pé wọ́n jẹ òun.

Torí náà, lálẹ́ òní, ẹ ṣí app PFA yín. Ẹ wo Fund tí ẹ wà, kí ẹ sì wo oṣù tí owó wọlé kẹ́yìn. Bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá, ẹ bi akáúǹtáǹtì ibi iṣẹ́ yín. Bí kò bá fèsì tó nítumọ̀, ẹ kọ̀wé sí PenCom, kí ẹ sì fi ìwé owó oṣù yín tì í.