Sílébù àti Mọ́fíìmù Nínú Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Gígùn Kan

Kí ló fà á tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ uncharacteristically pè fi ń ṣì í kọ? Etí nìkan ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Sílébù 7 ni ẹnu ń pè: un-char-ac-ter-is-ti-cally, fáwẹ̀lì inú -al- kì í sáábà dún. Nítorí náà ni ó ṣe ń kọ -icly.

Mọ́fíìmù rẹ̀ jẹ́ 4: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ un-, ọ̀rọ̀-orúkọ character, àfòmọ́ ìparí -istic, àti -ally tí ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-àpọ́nlé. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí ó bá parí sí -ic, -ally ni ó sáábà ń gbà, publicly yàtọ̀.

Kí olùkọ́ má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì: sílébù ni ó ń tọ́ ìpè sọ́nà, mọ́fíìmù ni ó ń tọ́ àkọtọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí sọ́nà.