Yíya Omi Olúmirìn ní Ọ̀dà Olóròóró



Ẹgbẹ́ ní kí àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ lórí àwòrán omi Olúmirìn tí a fẹ́ gbé kọ́ sí gbọ̀ngàn ìlú. Àwọn kan dábàá pé kí a fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ayàwòrán kan ní ìlú ńlá, kí ó yà á, kí a sì sanwó rẹ̀. Àwa kò fara mọ́ ọn.

A ti rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lọ́jà. Omi inú rẹ̀ funfun láti òkè délẹ̀ bí aṣọ àlà tí a sá sórí okùn. Ẹni tí ó bá ti gun Olúmirìn rí mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpele méje ni omi náà ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ lórí àpáta, àwọ̀ àpáta ni à ń rí nínú rẹ̀; níbi tí igi ti ṣíji bò ó, ó dúdú bí aró; ibi tí ó ti ń fọ́ lu òkúta ni ó ti ń hó funfun. Dúdú àpáta ni ó ń mú kí funfun omi hàn. Nítorí náà, àpáta àti òjìji ni a ń kọ́kọ́ yà. Funfun ni ó ń kẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Ọmọ tí ó bá fi funfun bẹ̀rẹ̀ yóò fi àwọ̀ eérú parí, nítorí ohun gbogbo tí ó bá kùn lé e nígbà tí ó ṣì tutù ni yóò dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀dà olóròóró kò jọ ọ̀dà olómi tí àwọn ọmọ ń lò ní kíláàsì. Òróró líńsíìdì ni a fi pò ó. Kì í gbẹ bí aṣọ tí a sá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ inú òróró náà tí ó fi ń le, èyí a sì máa gba ọjọ́ púpọ̀. Ìkùn ìsàlẹ̀ ni a ń fi tọpẹntáìnì là, kí òróró rẹ̀ má pọ̀. Ti òkè ni òróró ń pọ̀ sí i. Bí a bá yí i padà, òkè yóò gbẹ nígbà tí ìsàlẹ̀ ṣì rọ̀, àwòrán yóò sì lanu bí ògiri tí a rẹ́ nígbà tí amọ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ.

Ní àárín òjò, omi kún lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkúta a máa yọ̀. Kò yẹ kí a kó ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ìpele òkè. Nígbà ọyẹ́, omi a fà, eruku a sì lẹ̀ mọ́ ọ̀dà tútù. Ìparí oṣù kẹwàá ni ó dára jù.

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Amẹ́ríkà lè bẹ àwòrán Niagara wò, èyí tí Frederic Church yà ní 1857, tí ó wà ní National Gallery of Art ní Washington. Ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà méje lọ. Kí ó tó yà á, ó ti lọ síbi omi náà lẹ́ẹ̀mélòó kan, ó fi ojú ara rẹ̀ wò ó, ó sì ya àwòrán kékeré sínú ìwé. Ẹ wo bí omi rẹ̀ ti ní àwọ̀ ewé létí ọ̀gbun.

Àwọn kan ní ọmọ wa kò lè ṣe é. Aina Onabolu, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1882, wo àwòrán inú ìwé ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ ní kékeré. Ó di 1920 kí ó tó lọ kọ́ṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìpè rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba gba Kenneth Murray ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà. Bí àlejò bá ya Olúmirìn fún wa, owó yóò lọ, àwòrán yóò dé, ọmọ kan kò sì ní mọ̀ ju bí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tí a ń béèrè ni kánfáàsì kan tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, búrọ́ọ̀ṣì, òróró, àti ọ̀dà. Ẹ̀yin ará òkè òkun, funfun ni ó máa ń tán kíákíá, ẹ fi í ránṣẹ́ sí wa. Ẹ má ra èyí tí a fi òjé ṣe, májèlé ni. Titanium ni kí ẹ béèrè.