Eṣinṣin Tsé-tsé: Bí A Ṣe Ń Dá A Mọ̀ àti Bí Ó Ṣe Ń Bímọ

  Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí eṣinṣin kan tí ń sọ màlúù di egungun. Tsé-tsé ni orúkọ rẹ̀.

Bí màlúù bá ń jẹun tí ó sì ń rù, àwọn kan a ní ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1895, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, David Bruce, rí i ní ilẹ̀ Zulu pé kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹran tí ń ṣàìsàn. Tsé-tsé ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan dé ara òmíràn.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀

Kì í ṣe gbogbo eṣinṣin tí ń jẹ màlúù ni tsé-tsé. Ẹ wo nǹkan méjì. Èkíní ni ìyẹ́ rẹ̀. Bí ó bá bà, ìyẹ́ méjèèjì a gun orí ara wọn bí ojú àlùmọ́gàjí tí a pa dé. Èkejì ni ẹnu rẹ̀: ó nà síwájú bí abẹ́rẹ́. Eṣinṣin kékeré kan wà tí ń jẹ ẹsẹ̀ ẹran. Ẹnu tirẹ̀ náà nà síwájú, ṣùgbọ́n ìyẹ́ rẹ̀ a yà sọ́tùn-ún sósì bíi ti eṣinṣin ilé. Inú ìgbẹ́ ẹran àti koríko jíjẹrà ni ó ń yé sí. Èyí kì í ṣe tsé-tsé.

Bí ó ṣe ń bímọ

Tsé-tsé kì í yé ẹyin sílẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni ó ń gbé sínú lẹ́ẹ̀kan, a sì máa fi ohun kan tí ó dà bí wàrà bọ́ ọ níbẹ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, yóò bí ìdin tí ó ti dàgbà sórí ilẹ̀ rírọ̀ lábẹ́ òjìji igi, pàápàá létí odò. Ìdin náà yóò wọlẹ̀ kíá, yóò le, yóò sì dúdú bí kóró èso. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, eṣinṣin yóò jáde, yóò sì máa wá ẹ̀jẹ̀. Akọ àti abo ni ó ń mu ún.

Ẹ kíyè sí i: ó ṣọ̀wọ́n kí ìyá kan bí ju mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí a bá ń pa àwọn ìyá, wọn yóò dín kù kíá. Ohun tí a fi ń mú wọn ni aṣọ aláwọ̀ búlúù àti dúdú tí a rẹ sínú oògùn apakòkòrò. Búlúù ń fà á, dúdú ni ó ń bà lé. Ní erékùṣù Unguja ní Zanzibar, wọ́n fi oògùn sára màlúù àti aṣọ, wọ́n sì tú akọ tí kò lè bímọ mọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1997, wọ́n kéde pé tsé-tsé ti tán níbẹ̀.

Ohun tí a ó ṣe

Bí màlúù bá ń rù, tí ara rẹ̀ ń gbóná, tí ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun nínú, tí oyún ń wálẹ̀ tàbí tí wàrà ń gbẹ, ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ má ra oògùn tí wọ́n ń sá sóòrùn lọ́jà. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré sí bí ẹran ṣe wúwo tó, kòkòrò yóò mọ oògùn náà lára, kò ní í ràn án mọ́. Màlúù kúkúrú ilẹ̀ wa, tí elédè Faransé ń pè ní lagunaire, ń fara da àrùn yìí ju màlúù oníké tí ó ń ti àríwá wá lọ. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹran, kí ó rò ó dáadáa.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

1. Báwo ni ìyẹ́ tsé-tsé ṣe ń rí bí ó bá bà?
2. Níbo ni ó ń bí ọmọ sí?
3. Kí ló dé tí pípa ìyá díẹ̀ fi ń dín wọn kù?