Àlejò Tí Ó Ti Ojú Ọ̀run Wá

Ta ni nínú yín tí kò tíì rí àwòdì rí, bí ó ti ń rà bàbà lójú ọ̀run? Kò lu ìyẹ́, síbẹ̀ kò já bọ́. Bí oòrùn bá mú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa gòkè bí èéfín, àwòdì a sì máa yí po nínú rẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a fi ń wa ọkọ̀ òfúrufú tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí à ń pè ní gíláídà. Ọkọ̀ mìíràn ni í fi okùn fà á gòkè. Nígbà tí ó bá ga tó, awakọ̀ rẹ̀ yóò tú okùn náà, ó wá ku òun àti afẹ́fẹ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1958, àwọn awakọ̀ gíláídà láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè péjọ sí ìlú Leszno, ní gúúsù Poznań ní ilẹ̀ Pólàǹdì, fún ìdíje àgbáyé. Ìjọba Kọ́múníìsì ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà, kò sì rọrùn fún àlejò láti ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù láti máa rìn káàkiri. Ṣùgbọ́n gíláídà kì í tọ ojú títì. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá tán, oko ẹni ẹlẹ́ni ni yóò balẹ̀ sí.

Kí ni irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń rí? Yóò rí oko ọkà àti ti ọ̀dùnkún, àti ẹṣin tí ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù. Yóò bá àgbẹ̀ tí ó ni ilẹ̀ tirẹ̀, nítorí pé láti ọdún 1956 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko àjùmọ̀dá tí ìjọba fi ipá dá sílẹ̀ ti túká. Yóò rí ẹyẹ àkọ̀ tí ó kọ́ ìtẹ́ sórí òrùlé, tí onílé kò sì lé e. Àwọn àkọ̀ yìí náà kì í sábà lu ìyẹ́ bí wọ́n bá ń rìn jìnnà. Bí òtútù bá ń bọ̀, wọn a tọ odò Náílì wá sí Áfíríkà wa. Awakọ̀ tí ó bá rí wọn tí wọ́n ń yí po mọ̀ pé afẹ́fẹ́ gbígbóná wà níbẹ̀.

Búrẹ́dì àti iyọ̀ ni àwọn ará Pólàǹdì fi ń kí àlejò pàtàkì. Wọ́n sì ní òwe kan, pé bí àlejò bá wọlé, Ọlọ́run ni ó wọlé.

Ẹ̀yin ará, òwe yẹn kò rọrùn lọ́dún náà. Àwọn ará Jámánì wà lára àwọn tí ó wá díje. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1939, ní Leszno yìí kan náà, àwọn ará Jámánì tí ó gba ìlú náà yìnbọn pa àwọn ọmọ ìlú ní gbangba. Ọdún 13 péré ni ogun ṣì fi parí. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó ṣọ̀fọ̀ nígbà náà ṣì wà láàyè.

Síbẹ̀ a ṣe ìdíje náà parí. Ernst-Günter Haase, ọmọ Jámánì, ni ó gba ipò kìíní nínú ẹ̀ka tí kò ní ìdíwọ̀n. Adam Witek, ọmọ Pólàǹdì, gba ipò kìíní nínú ẹ̀ka kejì, níbi tí ìyẹ́ ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju mítà 15 lọ láti ìkángun dé ìkángun. Orí pápá kan náà ni àwọn méjèèjì ti gbéra.

N kò sọ pé ẹni tí a pa ọmọ rẹ̀ gbàgbé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ó ṣe é ṣe láti rántí, kí a sì tún ṣílẹ̀kùn. Àwọn baba wa ní, ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun. Àwọn tí mo sọ ìtàn wọn lónìí, oko baba ẹlòmíràn ni wọ́n balẹ̀ sí.