Ẹ̀rọ Géèmù Tuntun àti Àpò Ọ̀dọ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú àárín gbùngbùn Èkìtì



Ọ̀rọ̀ eré ni ọ̀rọ̀ òní. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ eré kò tó ohun tí à ń pe àwùjọ lé lórí, kí ó rìn láti Òkèṣà dé Ajílosùn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ó sì yà sí àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tí ariwo ti ń jáde. Yóò bá àwọn ọmọkùnrin lórí bẹ́ǹṣì, ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n, ẹni méjì di páàdì mú, àwọn yòókù ń dúró de ìgbà tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Ìworòkó níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ń gbé, àti ní àyíká Politẹ́kíníìkì Ìjọba Àpapọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ni aláìníṣẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ó gbàgbé Ọlọ́hun. Ẹlòmíràn nínú wọn ti kí ìrun Àlásárì kí ó tó wá, yóò sì dìde nígbà tí ó bá gbọ́ ìpè Màgíríbì.

Eré kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbà ta ayò lábẹ́ igi, àwọn ọmọdé ta òkòtó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́ ọpọ́n ayò lẹ́ẹ̀kan ti gbẹ́ ẹ nìyẹn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò fi ta ayò, kò sì sí ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí i lọ́dún kẹfà pé ọpọ́n rẹ̀ ti di àtijọ́, kí ó lọ ra òmíràn. Ibi tí ẹ̀rọ géèmù ti yàtọ̀ sí ọpọ́n ayò gan-an nìyí, ibẹ̀ sì ni owó ọ̀dọ́ ń gbà jáde.

Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí PlayStation 2. Ó jáde ní ilẹ̀ Japan ní oṣù Kẹta ọdún 2000, ó sì dé Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ní $299. Ní ọdún 2002 wọ́n dín in kù sí $199, ní 2004 ó di $149, nígbà tí yóò sì fi di ọdún 2009, kò ju $99 lọ mọ́. Ẹ̀rọ náà tí wọ́n tà kárí ayé ju 160 mílíọ̀nù lọ. Àwọn tókùnbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kó wọ Nàìjíríà, òun sì ni ó sọ ilé géèmù di òwò tí ọ̀dọ́ tí kò ní bàbá olówó lè dá sílẹ̀. Bí ọjà ẹ̀rọ ti rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn: bí ọjọ́ orí ẹ̀rọ ti ń pọ̀ sí i ni owó rẹ̀ ń rọlẹ̀, tálákà a sì rí tirẹ̀ rà bí ó bá ní sùúrù.

Ọ̀nà náà ti dí. PlayStation 5 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ní $499. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Sony fi owó lé e ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Japan fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n fi $50 lé e ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún lórí àtẹ wá wọ́n ju ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ. Microsoft náà fi owó lé Xbox lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún 2025 kan ṣoṣo. Nintendo ní tirẹ̀ mú Switch 2 jáde ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2025 ní $450, nígbà tí èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ jáde ní $300 ní ọdún 2017. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn ra èyí tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti ààbọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ohun tí àwọn oníṣòwò yìí ń sọ ni pé nǹkan kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ọpọlọ ẹ̀rọ kò rọlẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, pé owó ọjà gbogbo gbówó lórí, àti pé owó orí tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé lé ọjà òkèèrè ní 2025 kò jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ọ̀la yóò já sí. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Òótọ́ mìíràn tún ni pé ẹni tí ó rí ènìyàn mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ní ìdí tí yóò fi dín owó kù.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ọ̀dọ́ Èkìtì ju ohun tí Sony ṣe lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí PlayStation 4 jáde ní $399, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦157 ní báńkì, ẹ̀rọ náà sì jẹ́ nǹkan bí ₦62,600. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nínú òfin nígbà náà ni ₦18,000. Oṣù mẹ́ta àti ààbọ̀ ni òṣìṣẹ́ kékeré yóò fi ṣiṣẹ́, láìjẹ, láìmu, kí owó náà tó pé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, dọ́là ti di nǹkan bí ₦380 ní báńkì, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣẹ́ owó ní pópó. PlayStation 5 jẹ́ nǹkan bí ₦190,000, owó oṣù tí ó kéré jù lọ jẹ́ ₦30,000: oṣù mẹ́fà ó lé díẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ ní kí náírà wá ìpele ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kọkànlá ọdún 2024, $499 náà ni wọ́n ṣì ń ta ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà, wọn kò tí ì fi sẹ́ǹtì kan lé e. Ṣùgbọ́n dọ́là kan ti di nǹkan bí ₦1,650. Ẹ̀rọ ₦190,000 di ẹ̀rọ ₦823,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti di ₦70,000 láti oṣù Keje ọdún náà, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba òṣìṣẹ́ náà ní ọdún kan gbáko. Oṣù yẹn náà ni PlayStation 5 Pro jáde ní $700, èyí tí í ṣe ₦1,155,000, iṣẹ́ oṣù mẹ́rìndínlógún àti ààbọ̀. Ìṣirò yìí kò tí ì ka owó ọkọ̀ ojú omi, owó kọ́sítọ́ọ̀mù, èrè oníṣòwò ní Computer Village ní Ìkẹjà, àti owó ọkọ̀ láti Èkó dé Adó.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá sọ fún bàbá rẹ̀ pé géèmù ti wọ́n, kí bàbá mọ̀ pé kì í ṣe géèmù nìkan ni ó wọ́n. Iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà ni ó di pọ́ọ́kú lójú dọ́là.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá bẹ́ẹ̀. Náírà tí ó wó lulẹ̀ tí ó fi sọ ẹ̀rọ géèmù di ọ̀wọ́n, òun kan náà ni ó sọ kòkó di wúrà. Tọ́ọ̀nù kòkó kan tí kò tó $3,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ju $12,000 lọ ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ẹni tí ó ní oko kòkó ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè, ní Àrámọkọ tàbí ní Ìjerò rí owó tí bàbá rẹ̀ kò rí rí, àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì rí i pé bàbá ti rí owó. Bí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá ra ẹ̀rọ fún ọmọ rẹ̀ tí ó ti yọ sàká, tí ó ti san owó ilé-ìwé, tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 2025 owó kòkó já wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní àsìkò ọ̀pọ̀ kò ṣe é dá padà ní àsìkò ọ̀wọ́n. Àgbẹ̀ ìrẹsì ní Ìgbẹ́mọ, tí kò sí ẹni tí ń fi dọ́là ra ìrẹsì rẹ̀, kò tilẹ̀ bá wọn dé ibi àríyá náà rárá.

Bí a bá ra ẹ̀rọ tán, ìnáwó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Géèmù tuntun kan jẹ́ $60 fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí PlayStation 5 jáde ó di $70. Mario Kart World tí ó bá Switch 2 wá ní 2025 jẹ́ $80. Tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́ méjì lè ra síídì kan, kí wọ́n jọ máa lò ó, kí wọ́n sì tà á fún ẹlòmíràn nígbà tí ó bá sú wọn. Òwò tókùnbọ̀ yìí tọ́, ó sì bá òfin mu. Ṣùgbọ́n PlayStation 5 Pro kò ní ojú síídì lára rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ yóò ra èyí lọ́tọ̀. Ohun tí ènìyàn bá rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹni tí ó rà á ni ó wà, kò lè tà á, kò sì lè fi ta ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ́rẹ.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀rí ọkàn. Ní ayé PlayStation 2, síídì àdàkọ ni ó kún ọjà, ọ̀pọ̀ kò sì kà á sí olè. Àpérò àwọn onímọ̀ Fíkíhì lágbàáyé, nínú ìjókòó wọn ní Kuwait ní oṣù Kejìlá ọdún 1988, ti fẹnu kò pé ohun tí ènìyàn fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe jẹ́ ohun ìní rẹ̀, tí kò tọ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn láìgbàṣẹ. Ó ti lé ní ọdún mọ́kànlá kí PlayStation 2 tó jáde tí wọ́n ti sọ ọ́. Nígbà tí PlayStation 5 sì jáde, Nàìjíríà kò sí lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ilé ìtajà Sony lórí íntánẹ́ẹ̀tì kà sílẹ̀, nítorí náà ẹni tí ń gbé ní Basírí ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé New York ni òun ń gbé. Ẹ̀bi kì í ṣe ti ọ̀dọ́ náà nìkan. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà tí ó mú owó wá ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irọ́ náà, irọ́ ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù lọ ni ọ̀dọ́ tí ilé géèmù jẹ́ iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń bi í léèrè ìgbà tí yóò mú tuntun dé. Bí kò bá mú un dé, wọn yóò lọ sí ìsàlẹ̀ àdúgbò. Bí yóò bá sì mú un dé, èló ni yóò máa gbà lórí eré kan kí ₦823,000 tó padà sápò? PlayStation 5 ń jẹ iná nǹkan bí 200 wáàtì nígbà tí géèmù ńlá bá ń lọ lórí rẹ̀, PlayStation 2 kò jẹ tó 50. Bẹ́ẹ̀ ni epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2023 fò kọjá ₦480 kí oṣù náà tó parí, àwọn tí ó sì wà ní ìpele kìíní iná mànàmáná rí i tí ẹyọ kan kúrò ní ₦68 bọ́ sí ₦225 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ń gbé PlayStation 2 méjì pẹ̀lú ìrọ̀rùn yóò máa mí hẹlẹ.

Ibi tí Èṣù ń bá a wọlé ni owó èlé. Àwọn ayánilówó orí fóònù kò béèrè onídùúró, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni owó fi ń wọlé, èlé rẹ̀ sì ń gun ara wọn lórí. Ìtìjú tí wọ́n fi ń kan àwọn tí kò bá tètè san pọ̀ débi pé àjọ FCCPC ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Èkó ní oṣù Kẹta ọdún 2022. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. PlayStation 4 tókùnbọ̀ méjì tí kò ní gbèsè lórí sàn fún oníṣọ́ọ̀bù ju ẹ̀rọ tuntun kan tí ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì nítorí rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ sì wá gbá. Ẹni tí ó bá borí lórí ẹ̀rọ àtijọ́, ayọ̀ rẹ̀ kò dín.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó bá owó orí eré wá ni àṣà pé ẹni tí wọ́n bá nà ni yóò san owó eré fún ẹni méjèèjì. Nígbà tí eré kan kò ju náírà mélòó kan lọ, wọ́n ní ẹ̀fẹ̀ ni. Bí owó ṣe ń gòkè, ẹ̀fẹ̀ náà ń di ohun mìíràn: ọmọ tí owó oúnjẹ rẹ̀ nìkan wà lápò ń jókòó pẹ̀lú ìrètí pé ẹlòmíràn ni yóò san. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà á mọ́ tẹ́tẹ́, nítorí olúkúlùkù wọn wà nínú ewu kí ó pàdánù tàbí kí ó jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó sì rọrùn láti kúrò nínú rẹ̀. Kí oníṣọ́ọ̀bù gba ìdajì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan kí ó tó tan páàdì. Ẹni tí ó borí ti san tirẹ̀, ẹni tí ó fìdí rẹmi ti san tirẹ̀, owó oníṣọ́ọ̀bù kò sì dín kọ́bọ̀.

Ní ti ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí tí kò sì lágbára àti rà á, ọ̀nà kan ṣì wà tí kò kún fún èrò. Bí tuntun ti ń wọ́n sí i ni àwọn ènìyàn ń di ti àtijọ́ mú pinpin, àtijọ́ a sì máa bàjẹ́: páàdì tí ọ̀pá rẹ̀ ń yọ́ lọ fúnra rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ń ki okùn tẹlifíṣọ̀n bọ̀ tí ó ti yẹ̀, fáànù inú tí eruku Ajílosùn ti dí pa. Ẹni tí ó bá kọ́ bí a ti ń tún un ṣe, ìkànnà kéékèèké, irin ìjórin àti ojú tí ó mọ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nílò, àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí kò rí tuntun rà ni yóò sì kọ́kọ́ máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀.